Ọ̀rọ̀ Ìkíni Oníṣẹ́jú Mọ́kànlá

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀sùn ara mi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí Alákòóso ilé ìwòsàn wa kéde pé ìwé ti kú, mo wà ní ìlà kẹta nínú gbọ̀ngàn, mo sì pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ta mí. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí pé kí ni Alákòóso wí, mo ní mi ò gbọ́ ọ dáadáa, ni àwa méjèèjì bá tún jọ pàtẹ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìtàn ọkùnrin yìí tí ẹ̀rín ń gbọ̀n yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ẹ̀rín ọ̀hún fún èmi náà.

Alákòóso kì í ṣe dókítà. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń gòkè ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n nígbà tó dé òkè, ó gbàgbé pé àtẹ̀gùn lòun gbà débẹ̀. Àga ọ́fíìsì rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Káfíńtà ilé ìwòsàn fẹ́ bá a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó kọ̀. Ó ní bí òun bá fi lè wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì péré, àwọn àlejò á máa wo òun láti òkè.

Ó ní Akọ̀wé kan tó mọ ọ̀nà ìyìn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Bí Alákòóso bá sín, Akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ọ̀gá sọ̀rọ̀ ṣókí. Bí ọ̀gá bá dákẹ́, á kọ ọ́ pé ọ̀gá ronú jinlẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Alákòóso ń sọ ní gbangba. Kì í sì í ka èyí tó bá kọ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ó ní iṣẹ́ ńlá kì í ní àtúnṣe.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n pe Alákòóso sí. Ó lọ tòun ti àpótí aṣọ méjì, ó bọ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kan tó ní fírémù, àti gbólóhùn kan tó há sí i lẹ́nu: "ọjọ́ ọ̀la ti dé." Bó bá fẹ́ wọ mọ́tò, ọjọ́ ọ̀la ti dé. Bí wọ́n bá gbé tíì fún un tí kò ní ṣúgà, ọjọ́ ọ̀la ti dé. Àwọn òṣìṣẹ́ bá sọ ọ́ ní Ẹ̀dà Tuntun. Ó gbọ́ orúkọ náà, ó sì dùn mọ́ ọn nínú, nítorí ó rò pé ìyìn ni.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ. Alákòóso dúró síwájú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó di bébà mú, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ dánra wò. Ìyàwó gbé aṣọ sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, orí obìnrin náà ti tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Alákòóso dúró, ó wò ó.

"Ìyá àwọn ọmọ, o ti sùn?"

"Mi ò sùn o," ni ìyàwó wí láìgbórí sókè. "Mò ń fi ojú inú wo ọjọ́ ọ̀la tẹ́ ẹ wí yẹn."

Ìdáhùn náà wú u lórí. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni ọjọ́ ìpàdé ṣe dé. Alákòóso jáde sórí pèpéle pẹ̀lú kóòtù àti táì, Akọ̀wé gbé ife omi tẹ̀lé e bí ẹni gbé ohun mímọ́.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ni Alákòóso bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oríire pé ìgbà tèmi lẹ ṣiṣẹ́, ẹ wo àyíká yín. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn yìí, ìwé ìlò ẹ̀rọ ló kún ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán eegun ní ìwé tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ ní tirẹ̀. Èyí tó ń ṣe ọ́síjìn, ìwé rẹ̀ nípọn ju bíríkì lọ. Eruku ń jẹ wọ́n, àwa náà ń jẹ eruku. Láti òní lọ, ìwé ti kú. Gbogbo wọn ni yóò wọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ìmọ̀ yóò sì tú jáde. Kò sí ẹni tí yóò tún dúró de ìmọ̀ mọ́ nínú ilé yìí láé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òtítọ́: ọ̀rọ̀ yẹn ní orí àti ìdí. Ìwé wà lóòótọ́ tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti òmùgọ̀ pátápátá ló máa ń kó ènìyàn sí wàhálà jù.

Obìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Òun ló ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò ju ọdún méjì lọ mọ́ tó máa fẹ̀yìn tì, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ìyá Ẹ̀rọ. Ó mọ ohùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó fi jẹ́ pé ó lè dúró ní kọ́rídọ̀ kó sọ èyí tó ń ṣàìsàn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní," ó wí. "Bí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà bá a lọ, báwo la ṣe máa ka ìwé tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì?"

Alákòóso rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ẹ ń bi ọ̀la ní ìbéèrè àná."

Gbọ̀ngàn hó. Àní mo pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹ̀rọ ṣì wà lórí ìdúró, ó ń retí ìdáhùn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fà á ní apá aṣọ pé kó jókòó, pé ìdáhùn ti kọjá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń lọ bébà dé láti wá kó àwọn ìwé náà lọ, wọ́n á lọ fi wọ́n ṣe páálí tí wọ́n ń to ẹyin sí. Alákòóso ní òun fúnra òun ni yóò ju ìwé àkọ́kọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jù ú, nítorí ayàwòrán ní iwájú orí rẹ̀ ń dán jù. Ní ìgbà kẹrin, ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bà á ní ẹsẹ̀, Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé fi ẹ̀hónú hàn kó tó kú.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀rọ ti sún mọ́ ọn. Ó gbá ìwé ńlá kan mọ́ àyà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi táápù lẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gá, ti ẹ̀rọ ọ́síjìn nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lò ó lọ. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ti ṣe rí ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé."

Alákòóso ṣí i. Lóòótọ́, bírò búlúù àti bírò pupa ló kún gbogbo etí rẹ̀, ọfà níhìn-ín, òǹkà lọ́hùn-ún. Ó pa á dé bí ẹni rí aṣọ ìdọ̀tí.

"Ìwé tí wọ́n fi bírò ha báyìí ti bàjẹ́, Ìyá. Ìmọ̀ ò gbọ́dọ̀ ní àpá."

Ìyá Ẹ̀rọ kò bá a jiyàn. Obìnrin tó ń pa àṣẹ mọ́ ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé náà sínú ọkọ̀, ó rọra gbé e síbẹ̀ ni, kò jù ú. Lẹ́yìn náà ló gba ibi ìgbọ̀nṣẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe dé, ọlá dé fún Alákòóso. Ó ní kò yẹ kí ènìyàn kàn já wọ inú ìmọ̀ láìkí onílé. Wọ́n bá ṣe fídíò kan, níbi tó ti jókòó sórí àga gíga rẹ̀ tó ń kí òǹlò káàbọ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fídíò náà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fò ó. Àyàfi tó bá parí ni ìwé ìlò ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já láàárín, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi "Ẹ̀yin òǹlò ọ̀wọ́n." Nígbà tó tún gbọ́ pé àwọn kan máa ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí wọ́n lọ jẹun títí tí òun fi máa sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta bọ̀ ọ́ láàárín. Ẹni tó bá ṣì í, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe máa wọlé sínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Alákòóso bá ní kí wọ́n tẹ ìwé kan jáde tí yóò máa ṣàlàyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé, lórí bébà. Ogójì ojú ewé ni, àwòrán rẹ̀ ló wà ní iwájú, àwòrán rẹ̀ ló wà ní ẹ̀yìn, wọ́n sì tò ó sí orí pẹpẹ ìkówèésí tí wọ́n ti kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Mo ní ẹ̀dà méjì. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìkejì ni.

Oṣù kejì kò tíì parí tí ẹ̀rọ ìfọṣọ fi kó aṣọ àwọn oníṣẹ́ abẹ pọ̀ mọ́ kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, tí gbogbo wọn jáde ní àwọ̀ ewé. Obìnrin tó ń fọṣọ ṣàlàyé pé òun fẹ́ wo ibi tí wọ́n ń yí ooru omi sí, ṣùgbọ́n òun ṣì ìbéèrè kejì lẹ́ẹ̀mẹta, omi sì ti ń hó. Alákòóso kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹ̀ka pé láti ìgbà náà lọ, àwọ̀ ewé ni àwọ̀ ìlọsíwájú.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí nígbà tí Ìgbìmọ̀ Alábòójútó ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ìyanu tí àwọn ń gbọ́ nípa rẹ̀. Alága wọn jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti ṣe agbẹ̀bí fún ogójì ọdún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń yọ awò ojú rẹ̀ bó bá fẹ́ ríran dáadáa.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dé. Alákòóso mú wọn gba gbogbo wọ́ọ̀dù kọjá, ó ń sọ̀rọ̀, Akọ̀wé ń mi orí sí i. Ó fi ilé ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣe àṣekágbá. Yàrá kékeré kan ni, lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn tí èémí ń dà láàmú, páìpù ló gba ara ògiri wọ inú wọ́ọ̀dù láti ibẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ló ń fi ẹ̀rọ náà mí lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀rọ yìí," ni Alákòóso ń wí, "ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Ní báyìí—"

Iná lọ.

Kò sí ẹni tó mira, iná ti máa ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ bú, iná padà dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ́síjìn kò padà. Agogo ìkìlọ̀ rẹ̀ ń dún, òǹkà kan tó ń sọ ohun tó ń ṣe é sì ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀: mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ìyá Ẹ̀rọ ti kúnlẹ̀ tì í. Ó fetí sí i, ó fọwọ́ kan páìpù, ó mi orí.

"Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú òǹkà rẹ̀ lórí," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe eléyìí rí, ó ti pé ọdún mẹ́jọ. Fáàfù mẹ́ta ni mo ṣí, ó sì ní èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí mo bá ṣì í, ẹ̀rọ yìí á dákẹ́ títí oṣù mẹ́ta."

"Ẹ rántí, Ìyá," ni Alákòóso wí. "Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ rántí."

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè gbàgbé rẹ̀ ni, ọ̀gá."

Alága bi nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà pé sìlíńdà mélòó ló wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní márùn-ún ni, pé bí àwọn bá ń pín in lò, á gbé àwọn dé nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

"Ẹ ṣí ìwé yín, Alákòóso," ni Alága wí.

Inú Alákòóso dùn. Ẹ gbà mí gbọ́, fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, inú ọkùnrin yìí dùn, nítorí ó rò pé ìran tó lẹ́wà ju èyí tí òun ṣètò lọ ló délẹ̀ yìí. Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ojú ara rẹ̀ yọ síta.

"Ẹ̀yin òǹlò ọ̀wọ́n," ni Alákòóso inú tábúlẹ́ẹ̀tì wí, "ẹ káàbọ̀ sí ọjọ́ ọ̀la."

"Ẹ fò ó," ni Alága wí.

"Kò ṣeé fò, mà."

"Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Alákòóso wo òrùlé, ó wo bàtà rẹ̀. "Èmi ni, mà."

Wọ́n dúró, wọ́n ń gbọ́. Alákòóso kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí gẹ́gẹ́ bí olùgbọ́, ẹnu rẹ̀ ló ti máa ń jáde. Ó yà á lẹ́nu pé ọkùnrin inú tábúlẹ́ẹ̀tì náà máa ń ti ọ̀fun rẹ̀ wúkọ́ kó tó sọ ohun tí kò ní ìtumọ̀. Ó fi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí yóò tún dúró de ìmọ̀ mọ́. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

"Ẹ̀yin òǹlò ọ̀wọ́n," ni ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan ní ọ́fíìsì. Kò padà wá mọ́.

Ní ìgbà kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ, Alákòóso gbà á, nítorí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n bi í. Ìkejì, ó tún gbà á. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ẹ̀kẹta yọ: "Nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni Alákòóso fi ìmọ̀ wé?" Ìdáhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: odò, òòrùn, àtẹ̀gùn.

Òógùn ń bọ́ lójú Alákòóso. Ó dá a lójú pé òun fi ìmọ̀ wé nǹkan. Ó yíjú wá Akọ̀wé, Akọ̀wé kò sí níbẹ̀. Ó tẹ òòrùn.

"Ẹ̀yin òǹlò ọ̀wọ́n," ni tábúlẹ́ẹ̀tì wí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tó dun Alákòóso jù nìyẹn, ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá rí ẹni bínú sí.

"Odò ni, ọ̀gá," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́. "Mo ti gbọ́ ọ ní ìgbà ọgbọ̀n ó lé. Ẹ jẹ́ kí n dúró tì í."

Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó wo Alákòóso. "Bí nọ́ọ̀sì bá dúró síbí, ọwọ́ á dínkù ní wọ́ọ̀dù. Ẹ lọ bá wọn gbé sìlíńdà."

Ó lọ. Ó bọ́ kóòtù sórí ilẹ̀, ó fi èjìká ti sìlíńdà irin kan lórí kẹ̀kẹ́ kékeré gba kọ́rídọ̀, táì rẹ̀ sì há sínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀dì kẹfà ni wọ́n ní kó gbé e lọ. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, àyà rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ bí ẹni tó sáré. Ọmọ rẹ̀ obìnrin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Alákòóso yí ẹnu sìlíńdà náà sí ọ̀tún, kò ṣí. Ó fi gbogbo agbára yí i, ó tún wá le sí i.

"Apá òsì, sà," ni nọ́ọ̀sì kan ké sí i láti bẹ́ẹ̀dì kejì. Òun náà ló sáré wá ṣí i, ó sì so rọ́bà rẹ̀ mọ́ ìbòmú. Alákòóso kàn di irin náà mú kó má baà ṣubú.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Láti ilé ẹ̀rọ, ohùn ńlá kan ń wọlé: "...nítorí náà, mo wí fún yín, ìmọ̀ dà bí odò..."

Ọmọ tíṣà gbójú sókè. Kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ọkùnrin kan tí òógùn bò ni, táì rẹ̀ ti ya.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá," ó wí, "ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń pariwo níta yẹn kó dákẹ́. Bàbá mi ò rí èémí mí, òun ń sọ̀rọ̀ odò."

"Kò lè dákẹ́," ni Alákòóso dáhùn. "Ó ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ó di sìlíńdà náà mú, ó sì ka ìṣẹ́jú mẹ́ta náà pẹ̀lú èémí bàbá yẹn. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Nígbà tí fídíò parí, ìwé ṣí. Ní báyìí, ẹ gbọ́ apá tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní ilé oúnjẹ kì í sọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tẹ "mẹ́tàdínláàádọ́ta" sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, kíá ni ojú ewé náà sì yọ láàárín ojú ewé ẹgbẹ̀ta. Bírò pupa Ìyá Ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbàgàdà, nítorí ẹni tó ya àwòrán ìwé kò mọ̀ pé àpá ni: "Fáàfù àárín kọ́kọ́. Dúró kó mí. Lẹ́yìn náà ti òsì, kó tó kan ti ọ̀tún." Ìyá Ẹ̀rọ kà á lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọ̀ sì padà sí ètè tíṣà àgbà. Kò sí ẹni tó kú. Sìlíńdà tó kẹ́yìn ku díẹ̀ kó tán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìgbìmọ̀ jókòó. Akọ̀wé wá jẹ́rìí pé tipẹ́tipẹ́ lòun ti ń kìlọ̀ fún Alákòóso, ó sì fi ìpínrọ̀ méjì yin ọgbọ́n Alága. Alága ní kó jókòó. Ìpinnu wọn kò gùn. Kí wọ́n yọ fídíò kúrò. Kí tábúlẹ́ẹ̀tì dúró, nítorí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tún tẹ ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú bírò Ìyá Ẹ̀rọ lára rẹ̀, kí wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀rọ náà. Kí Alákòóso fi ipò sílẹ̀. Bó bá sì ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́, àyè kan wà lábẹ́ Ìyá Ẹ̀rọ, fún ẹni tí yóò máa kọ àlàyé ṣókí tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara àwọn ẹ̀rọ.

Ó mú lẹ́tà náà dé ilé, ó ní òun ò lè lọ sí abẹ́ obìnrin tí òun ju ìwé rẹ̀ nù. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, kò yọ nǹkan kan kúrò, àní ìdáhùn òòrùn pàápàá.

Ìyàwó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ ń gbọ́ ara yín yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ló tó kó tó sú yín?"

Ó ronú sí i tọkàntọkàn. "Mẹ́rin."

Ìyàwó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Ẹ̀rín bú lára rẹ̀ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Alákòóso kọ́kọ́ fajú ro. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin inú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ń ti ọ̀fun wúkọ́, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ ọ̀wọ́n, káàbọ̀ sí ọjọ́ ọ̀la," ni òun náà bá ṣubú sórí àga.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ kí Ìyá Ẹ̀rọ. Ó ti ní ọ̀rọ̀ àforíjì kan lọ́kàn, ìpínrọ̀ mẹ́rin ni. Ìyá Ẹ̀rọ gbọ́ ìpínrọ̀ kan, ó sì na ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò sí i.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò lára irin iṣẹ́ abẹ," ó wí. "Kí ó má ju ìlà mẹ́wàá lọ."

Èyí àkọ́kọ́ tó kọ jẹ́ ojú ewé mẹ́ta, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ìyá Ẹ̀rọ dá a padà. Ó kọ ojú ewé méjì, ó dá a padà. Ọjọ́ kẹfà ló tó di ìlà mẹ́wàá, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo bá a gé táápù. Ó ti mọ̀ pé mo wà ní ìlà kẹta lọ́jọ́ ìpàdé, ó bi mí pé kí ló mú mi pàtẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwòsàn náà wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ náà pẹ̀lú àwo irin. Ó dúró níwájú bébà náà, ó ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Alákòóso àná jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ ní igun yàrá, ó ń wò ó. Nọ́ọ̀sì dé ìlà kẹrin, ó dúró. Ó padà kà á. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo bébà.

"Ẹ má bínú, sà," ó wí, "ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́? Ìlà kẹrin yìí ò yé mi."

Ọkùnrin náà dìde lórí àpótí, ó yọ bírò nínú àpò rẹ̀, ó sì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"